Kíbọ́ọ̀dù Ìyá Alámì

Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù náà tún kú mọ́ Ìyá Alámì lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò tilẹ̀ bínú mọ́. Ìbínú pàápàá ń fẹ́ agbára, agbára ọ̀hún ló sì ti tán lára rẹ̀. Ó kàn gbé ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ìyá tí ń wo ọmọ tó ti bá wí títí tí ẹnu fi bó. Ìlà kékeré tó máa ń ṣẹ́jú níbẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ kẹ́yìn. Ó tẹ lẹ́tà kan, kò jáde. Ó tẹ òmíràn, ìyẹn náà kò jáde.

Kì í ṣe àìsàn òní. Kíbọ́ọ̀dù náà kò ní wáyà, afẹ́fẹ́ ló ń gbé ohun tí èèyàn bá tẹ̀ dé inú kọ̀ǹpútà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fi obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárọ̀, á tẹ ìwé ìwáṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, á tẹ ìwé ìkìlọ̀ fún onílé tó fẹ́ lé ayálégbé, kò ní kọsẹ̀. Àfi kí iṣẹ́ Yorùbá dé, èyí tí èèyàn ní láti fi àmì sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Á já lójijì. Ìyá Alámì á gbọ̀n ọ́n, á yọ bátìrì rẹ̀, á fi í padà, á máa gún àwọn bọ́tìnì òkè níbẹ̀ bí ẹni ń gún ata, bó bá sì yá, nǹkan á kàn padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Kò mọ èwo nínú gbogbo oògùn yẹn ló jẹ́. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá kíbọ́ọ̀dù náà ni kò gbọ́ Yorùbá.

Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Ìyá Alámì. Kò sí ẹni tó gba ìwé Yorùbá lọ́wọ́ rẹ̀ rí tí àmì kò pé lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi wọ́n sílẹ̀, pé àwọn ń kánjú, pé àwọn tó máa kà á á mọ ohun tó ń wí. Á wò wọ́n lókè délẹ̀ bí ẹni tó ní kí òun bọ́ aṣọ. Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, lórí táípíráítà dúdú kan tó wúwo bí òkúta. Màmá a máa dúró sẹ́yìn àga wọn, á ní, "Ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, ìhòòhò ló wà. Ẹ wọṣọ fún un kó tó jáde nílé."

Màmá ti kú ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn àìsàn gígùn, ó sì fi ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé náà sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Ṣọ́ọ̀bù kan ni. Ó ti di méjì báyìí, torí Ìyá Alámì pe káfíńtà, káfíńtà sì fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dá a láàárín láti ògiri dé ògiri. Apá ibi tí fèrèsé wà jẹ́ tiẹ̀. Apá kejì jẹ́ ti àbúrò rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọwọ́yá nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá lórí kíbọ́ọ̀dù ju ẹnu alágbàsọ lọ. Wọ́n la ilẹ̀kùn kejì. Wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì jọ ń lò ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tó wà lórí ìṣó láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì. Ẹni tó bá lò ó á fi í kọ́ padà, ẹnì kejì á wá mú un, kò sẹ́ni tó máa bi ẹnì kejì pé ṣé ó ti ṣe tán.

Àmì kan ló dá wọn níjà, ẹ má rò pé ogún ni. Nígbà tí Màmá kú, Ọwọ́yá ló jókòó ti kọ̀ǹpútà láti tẹ káàdì ìrántí. Ohun tó yẹ kó wà lójú káàdì ní lẹ́tà gàdàgbà ni "Ìyá wa ti lọ sinmi". Ohun tó jáde, tí wọ́n tẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yanturu, tí wọ́n sì ti ń pín kiri fún mọ̀lẹ́bí kí ẹnikẹ́ni tó kà á dáadáa, ni "Ìyà wa ti lọ sinmi". Àmì tó yẹ kó nà sókè ló wà nílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ di ìyà tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn kan ló kọ́kọ́ rí i, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ìyá Alámì gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á, ojú rẹ̀ sì ṣú. Òun tí í máa yẹ gbogbo ìwé wò kó tó jáde, ẹkún kò jẹ́ kó wo èyí. Ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun ni pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Ọwọ́yá ló tọ́jú Màmá ní gbogbo àsìkò àìsàn yẹn. Òun ló ń gbé e, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ni oorun kì í kùn. Níwájú gbogbo mọ̀lẹ́bí ni Ìyá Alámì ti kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ohun tó wà níkùn ẹni ni ọwọ́ ẹni ń tẹ̀," ló wí. "O ti bọ́ nínú ìyà. O kú oríire."

Ọwọ́yá wò ó títí. Ó ṣa káàdì tó kù nílẹ̀ jọ sínú báàgì, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n rí káfíńtà.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá Alámì ti kábàámọ̀ pé òun sọ ọ́ lójú àwùjọ, ṣùgbọ́n kò kábàámọ̀ pé òun gbà á gbọ́. Ọwọ́ kì í ṣàdédé tẹ ohun tí ọkàn kò mọ̀, ohun tó fọwọ́ mú nìyẹn. Bó ti ń gbọ́ ikọ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn pákó lásìkò òtútù, á dá iṣẹ́ dúró, á tẹ́tí títí ikọ́ náà á fi rọlẹ̀, nítorí bá a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ṣùgbọ́n kò kan pákó.

Iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ báyìí ni ìwé àlọ́ àpamọ̀ kan. Ọ̀gá Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló kó àwọn àlọ́ náà jọ, àlọ́ rẹpẹtẹ, ó sì fẹ́ gbà á ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí láìyẹ̀. Bó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni. Ní báyìí, bó bá ti fi àmì sí àlọ́ kan tàbí méjì, kíbọ́ọ̀dù á já. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé nílùú mìíràn sì ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sinmi lọ́dọ̀ òun, pé ìyàwó òun ti tún yàrá ẹ̀yìn ṣe, wọ́n ti ta kọ́tìnì sí i. Ìyá Alámì ti fèsì lórí fóònù pé bí iṣẹ́ àlọ́ yìí bá fi bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, òun á gbé apá tòun nínú ṣọ́ọ̀bù fún télọ̀ tó ti ń bẹ òun fún un, òun á sì máa bọ̀.

Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí òun bá fi lè kúrò lẹ́yìn pákó yìí, kò sí ohun tó tún lè gbé òun àti ọmọ ìyá òun kan ṣoṣo sí ibi kan náà mọ́, àfi bí ọ̀kan nínú àwọn bá kú tí ẹnì kejì wá jókòó láàárín èrò. Ó máa ń dùn ún bó bá rò ó. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, àárẹ̀ sì lè mú kí èèyàn jọ̀wọ́ ohun tí ìbànújẹ́ kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò kúkú jókòó lásán. Ó ti pe Ó-ti-Tán. Ó-ti-Tán ni ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò náà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ rẹ̀ máa ń tán o, gbólóhùn tó fi ń dágbére nìyẹn. Ó kọ́kọ́ wá, ó ní bátìrì ló ti kú, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ó ti tán, mà." Kò tíì rìn dé igun òpópónà tí kíbọ́ọ̀dù fi já. Nígbà tó padà wá, ó wọ abẹ́ tábìlì, ó fa nǹkan pẹnpẹ tó ń gba ohùn kíbọ́ọ̀dù jáde lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó ní irin ló ń dí i létí níbẹ̀. Ó fi wáyà kúkúrú gbé e wá síwájú, ó fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí tábìlì. Ó ti tán, mà. Ó tún wá, ó gbé àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò nítòsí, ó ní àwọn méjèèjì ń pariwo mọ́ra wọn nínú afẹ́fẹ́ kan náà bí orogún. Ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó yé jẹ́ kí nǹkan pẹnpẹ yẹn máa sùn nítorí àtitọ́jú iná. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò ràn án, ó ní kí kọ̀ǹpútà gbàgbé kíbọ́ọ̀dù náà pátápátá, lẹ́yìn náà ló wá tún fi wọ́n han ara wọn bí ẹni tí kò pàdé rí. Ìyá Alámì ń wò ó bó ti tẹ ibi tí wọ́n kọ "gbàgbé" sí, ó sì rò ó nínú ara rẹ̀ pé ìbá dára bí ọmọ èèyàn bá ní irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí Ó-ti-Tán bá fẹ́ dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, á tẹ nọ́ńbà díẹ̀, á wá tẹ orúkọ ara rẹ̀. Kò fi àmì sórí orúkọ náà rí láyé rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù á sì ṣe jẹ́jẹ́ níwájú rẹ̀, bí ọmọ tó ń ṣòjòjò láti àná tó wá rí dókítà tára rẹ̀ sì le kóókó.

Ọ̀sán ọjọ́ yìí náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ti rẹ òun náà, èèyàn rí i lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, kí Ìyá Alámì jẹ́ kí òun bá a gbé èyí tó ní wáyà wá, kó sinmi. Ìyá Alámì ní rárá. Ọjọ́ tí Màmá jáde nílé kẹ́yìn kí àìsàn tó dè é mọ́lẹ̀ ló ra kíbọ́ọ̀dù náà, méjì tó dọ́gba, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan fún àbúrò. Ó-ti-Tán yí fìlà lórí. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kó má bínú, ṣùgbọ́n bóyá ọwọ́ rẹ̀ ló wúwo, àgbà ń dé. Ìyá Alámì fa kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ padà sọ́dọ̀. Ọkùnrin náà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní ó ti tán, ó jáde. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn pákó, lápá ti Ọwọ́yá, tó ń kí i kú iṣẹ́. Ó ti máa ń gbọ́ ọ níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bìkítà. Oníṣẹ́ kì í ní oníbàárà kan.

Ó padà sídìí àlọ́. Èyí tó kàn ní: kí ló wà nílé wa tó ń kí aládùúgbò láìjáde? Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ó bọ́ sí ìdáhùn, òórùn ọbẹ̀ ni. Ó tẹ "òórùn", bó ti na ìka sí àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù já, "ọbẹ̀" tó tẹ̀ lé e kò sì jáde. Ibi tí a ti bá a lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, tó gbé ọwọ́ lé itan.

Ó wo ìwé Ọ̀gá Olùkọ́ bó ti nípọn tó. Ó gbọ́ bí Ọwọ́yá ti ń tẹ̀wé lẹ́yìn pákó, tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀, láìdánudúró. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ó tó. Kì í ṣe pé ó pinnu, ó kàn rí i pé òun ti pinnu láti àná. Lọ́la, òun á pe télọ̀.

Màmá ní àṣà kan nígbà tó ń kọ́ wọn. Bí ọwọ́ wọn bá ti kú lórí iṣẹ́, á ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tẹ ohun tó wà lọ́kàn àwọn fúnra wọn, kí ọwọ́ lè rántí pé ara wọn lòun wà. Ìyá Alámì kò mọ ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù tó ti kú náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó sọ fún Màmá pé ó ti rẹ òun, pé òun fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa, kó má bínú. Kò fi àmì kan ṣoṣo sí i. Láti ìgbà èwe rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde níhòòhò, torí kò sẹ́ni tó máa rí i, okun tó sì máa fi wọṣọ fún un kò sí. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ fo. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ ju àlọ́ tí ìdáhùn rẹ̀ kò tíì pé lọ.

Ìró ìtẹ̀wé lẹ́yìn pákó dáwọ́ dúró.

Àga kan ha ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ káàdì sì sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pákó, ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ kó lọ ni?"

Ìyá Alámì yíjú sí pákó. Ó kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń tan òun. Ó bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ẹ̀yin náà ni. Ó wà lójú kọ̀ǹpútà mi níbí."

Ọ̀rọ̀ wá ń jáde lẹ́nu Ọwọ́yá díẹ̀díẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí nǹkan ti máa ń ṣàdédé bọ́ sáàárín iṣẹ́ òun. Nígbà mìíràn àmì lásán ni, nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ tó gé lágbede méjì. Lọ́sàn-án yìí, òun ń tẹ ìwé fún agbẹjọ́rò kan, ọbẹ̀ ló já lu àárín ẹjọ́ onílẹ̀, ebi sì pa òun. Ó rò pé kọ̀ǹpútà òun ló ń ṣàìsàn, ó sì ti pe Ó-ti-Tán títí ọwọ́ fi ro ó. Ọkùnrin náà ti pààrọ̀ bátìrì tiẹ̀ náà. Ó ti gbé nǹkan pẹnpẹ tiẹ̀ náà wá síwájú. Láti ilẹ̀kùn kan sí èkejì ni ọkùnrin yìí ti ń wo àìsàn kan náà ní ara ènìyàn méjì, tó ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé ó ti tán, torí kò sí nínú wọn tó bi í pé kí ni ẹnì kejì ń sọ.

Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n Ìyá Alámì, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹ̀rín ṣì wà nínú òun. Ó bi àbúrò rẹ̀ pé báwo ló wá ṣe mọ̀ lónìí pé òun ni.

"Mo rí Màmá níbẹ̀," Ọwọ́yá wí. "Mo sì rí i pé kò ní àmì. Mo ní bí ẹ̀gbọ́n mi bá fi lè kọ Màmá láìfi àmì sí i, ó ti rẹ̀ wọ́n kọjá sísọ."

Ìyá Alámì dìde lórí àga. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù sábẹ́ apá, ó jáde ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí ìṣó kọjá, ó sì wọ ilẹ̀kùn kejì.

Kò mọ bí ibẹ̀ ti rí mọ́, kò tíì wọ ibẹ̀ láti ìgbà tí káfíńtà ti dá a. Ó ṣókùnkùn ju apá tirẹ̀ lọ, fèrèsé kò sí níbẹ̀, gílóòbù kan ló tan iná pupa rẹ́súrẹ́sú sórí tábìlì. Táípíráítà Màmá wà nígun, wọ́n fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ọwọ́yá dìde fún un. Ó ti rù. Lórí ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ni káàdì ìrántí kan wà, Ìyá Alámì sì rí i pé wọ́n ti fi bírò dúdú pa àmì kan rẹ́ níbẹ̀, wọ́n ya èyí tó nà sókè sí i, wọ́n yà á pẹ̀lú sùúrù kó lè dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀rọ. Ọwọ́yá rí ibi tí ojú rẹ̀ wà. Ó ní gbogbo èyí tí òun ṣà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà lòun tún ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó wá nawọ́ gba kíbọ́ọ̀dù, bóyá kí ọ̀rọ̀ lè kúrò lórí ògiri. Ó fi hàn án. Bọ́tìnì rogodo kékeré kan wà lókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ibi tí wọ́n ti ń tẹ àmì ìsàlẹ̀. Nígbà tí Màmá ra kíbọ́ọ̀dù méjèèjì, Ọwọ́yá ló fi ọ̀kọ̀ọ̀kan han kọ̀ǹpútà méjèèjì, kó lè jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá wọ ẹnì kan lọ́rùn, ẹnì kejì á kàn tẹ bọ́tìnì yìí, á máa bá a tẹ̀ ẹ́ láti ibi tó jókòó sí. Ìtẹ̀ kan, ó lọ sí èkejì. Ìtẹ̀ kan, ó padà wálé. Ọwọ́yá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dá kíbọ́ọ̀dù náà padà sílé.

"Ọkọ méjì ni mo fún un," ló wí. "Mo sọ fún yín nígbà yẹn."

Ìyá Alámì rántí. Ó gbọ́, ó sì gbàgbé, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe tirẹ̀ nígbà náà, ti Ọwọ́yá ni. Ìdí nìyẹn tí kíbọ́ọ̀dù kò fi já lórí ìwé tí kò ní àmì. Ìka rẹ̀ tó ń na sí àmì ìsàlẹ̀ ló ń fara kan bọ́tìnì, tó ń lé e lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, gígún tó sì ń gún un bí ata ló ń mú un padà wá. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn pé àìsàn náà ti hàn. Inú rẹ̀ sì fẹ́ dùn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tún ti padà sórí ògiri.

Ọjọ́ tí wọ́n tẹ káàdì, pákó kò tíì sí. Wọ́n jókòó, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Bí Ọwọ́yá ti ń tẹ ojú káàdì, òun ń tẹ orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Omijé kún ojú rẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ kan wà tí òun tẹ̀ tí kò jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò jáde, ó fi ìka gún ibẹ̀, ó jáde, òun sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ta ló ń wá àmì kan tó sọnù lọ́jọ́ tí ìyá ẹni kú?

Ó di etí tábìlì mú.

"Tẹ Ìya síbẹ̀," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. "Fi ti iwájú sí i. Má fi ti ẹ̀yìn sí i."

Ọwọ́yá wò ó, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jókòó sójú kọ̀ǹpútà, ó ku àmì kan. Ìlà kékeré ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, ó ń retí. Ìyá Alámì gbé kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ sórí tábìlì, kò fi ojú wá bọ́tìnì kankan, ó kàn na ìka sí àmì ìsàlẹ̀ bó ti máa ń nà án láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Àmì náà sì lọ jókòó sórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìyà.

Ọkọ̀ kan kọjá níta, pákó gbọ̀n díẹ̀. Fóònù Ìyá Alámì dún lápò rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni, kò sì gbé e.

"Ọwọ́ mi ni," ló wí. "Kì í ṣe tìrẹ. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́, ẹnu mi ló sì fi dá ọ lẹ́bi."

Ó rò pé Ọwọ́yá á bínú, ó tilẹ̀ ń retí rẹ̀. Ìbínú ìbá rọrùn. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ jókòó padà sórí àga bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé ẹrù ti kúrò.

"Mo gbà yín gbọ́," ló wí nígbà tó yá. "Ẹ sọ pé ohun tó wà níkùn mi ni ọwọ́ mi tẹ̀, mo sì gbà á. Ẹ kì í ṣìṣe lórí àmì. Lójoojúmọ́ ni mo ń jókòó síbí, tí mo ń bi ara mi pé irú ọmọ wo ni mí. Mo ti bẹ Màmá títí."

Ìyá Alámì fẹ́ kúnlẹ̀. Ọwọ́yá di apá rẹ̀ mú kó tó dé ilẹ̀, ó ní àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé, ó sì fi ẹsẹ̀ fa àga Màmá wá láti ẹ̀gbẹ́ táípíráítà. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ó kàn ní kó jókòó, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyá Alámì jókòó, ó sì sunkún láìbo ojú, ohun tí kò ṣe lójú ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ yẹn. Ó tọrọ àforíjì bó ti ń sunkún, ó tọrọ rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Fóònù tún dún. Ó gbé e báyìí, ó ní kí wọ́n máa kó ẹrù sí yàrá ẹ̀yìn yẹn, òun ò wá mọ́, ó sì pa á kí ọmọ náà tó bèèrè ìdí.

"Ó rẹ̀ mí gan-an nígbà náà," Ọwọ́yá wí. Kò wo ojú rẹ̀. "N kò ní parọ́ fún yín. Ọjọ́ kan wà tí mo jókòó sí bèbè bẹ́ẹ̀dì wọn tí mo ní kí Ọlọ́run gba ọ̀kan nínú wa. Ṣùgbọ́n n kò pè wọ́n ní ìyà rí."

"Mo mọ̀," Ìyá Alámì dáhùn. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Àlọ́ Ọ̀gá Olùkọ́ ṣì wà ní apá kejì, ó nípọn bó ti nípọn, òpin ọ̀sẹ̀ kò sì sún síwájú fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́yá bi í pé mélòó ló kù. Ó ní ó pọ̀. Ọwọ́yá mí kanlẹ̀, ó ní kó lọ kó o wá, kí àwọn pín in. Ìyá Alámì kò tíì lè dìde. Ó ń wo ọ̀rọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà, àbúrò rẹ̀ náà sì ń wò ó. Ọwọ́yá fi ìka kan pa àmì ìsàlẹ̀ rẹ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó sì ti kíbọ́ọ̀dù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ẹ fi sí i," ló wí. "Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Alámì."

Ìyá Alámì nu ojú rẹ̀. Ó na ìka, ó tẹ àmì òkè, ó sì dúró kó rí i pé ó bọ́ síbi tó yẹ kó tó gbé ọwọ́ kúrò.